Ìdámọ̀ owú àtijọ́ tí kò ní òǹtẹ̀

Ìdámọ̀ owú àtijọ́ tí kò ní òǹtẹ̀ ni ìwádìí tí àwọn alágbẹ̀dẹ, àwọn olùtọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti àwọn tí ń kó irinṣẹ́ àtijọ́ jọ máa ń ṣe láti mọ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe owú kan, orílẹ̀-èdè tí ó ti wá, àti àsìkò tí wọ́n ṣe é, nígbà tí orúkọ ara rẹ̀ bá ti parẹ́ tàbí tí kò bá ní orúkọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Owú ni irin ńlá tí alágbẹ̀dẹ máa ń gbé irin gbígbóná lé kí ó tó máa lù ú. Ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ sí òwú tí a fi ń hun aṣọ, sí owú jíjẹ, àti sí Òwu tí ó jẹ́ orúkọ ìlú. Ní ẹnu àwọn alágbẹ̀dẹ kan, a tún máa ń fi owú pe òòlù ńlá tí a fi ń lu irin. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, irin ìsàlẹ̀ tí a ń lu nǹkan lé lórí nìkan ni ó dúró fún.

Púpọ̀ nínú àwọn owú tí ìwádìí yìí kàn ni wọ́n ṣe ní ilé-iṣẹ́ ńlá ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà, Swídìn, Jámánì àti Austríà ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, kọkàndínlógún àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Orúkọ ni ó máa ń kọ́kọ́ parẹ́ lára wọn. Ohun tí kì í tètè parẹ́ ni ipa ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe owú náà: ihò tí wọ́n fi mú un nínú iná, kòtò tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú ibi tí wọ́n ti so irin pọ̀ mọ́ irin, àti ohùn tí ó ń dún jáde nígbà tí a bá lù ú. Nítorí èyí, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí dunjú kì í gbára lé ẹ̀gbẹ́ owú níbi tí orúkọ yẹ kí ó wà. Wọ́n máa ń yí owú náà dà láti wo abẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yà ara owú

Owú irú ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà náà tẹ̀lé, ní ojú pẹrẹsẹ lókè, ìwo kan tí ó ṣe róbótó tí ó sì ń tín-ín-rín lọ ní iwájú, àti gìgísẹ̀ onígun mẹ́rin ní ẹ̀yìn. Láàárín ojú àti ìwo ni pèpéle kékeré kan wà tí ó rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ojú lọ. Ihò méjì ni ó sábà máa ń wà nítòsí gìgísẹ̀: ọ̀kan jẹ́ onígun mẹ́rin, tí a máa ń ki ìdí irinṣẹ́ bọ̀, èkejì ṣe róbótó, ó sì wúlò nígbà tí a bá ń lu ihò sára irin, pàápàá bàtà ẹṣin. Ìbàdí ni ibi tí ara owú ti há, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà ní ìsàlẹ̀.

Ìdí tí òǹtẹ̀ fi ń parẹ́

Lára irin rírọ̀ tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ owú ni wọ́n máa ń lu òǹtẹ̀ sí, kì í ṣe lára irin líle tí ó wà lójú rẹ̀. Òǹtẹ̀ náà kì í jìn. Ìpáàrà máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ọ̀dà tí wọ́n ń kùn lé ara wọn láti ìran dé ìran máa ń dí i, òòlù tí ó bá sì ṣìnà máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn owú kan wà tí òṣìṣẹ́ fi òǹtẹ̀ tí ó ti kú lù, tàbí tí ó lù ú ní ẹ̀gbẹ́ kan, tó fi jẹ́ pé ìdajì orúkọ nìkan ni ó hàn láti ọjọ́ tí ó ti jáde.

Àmọ́ ìpáàrà kọ́ ni ọ̀tá tí ó burú jù. Ẹ̀rọ ìlọrin ni. Ẹni tí ó bá ra owú àtijọ́ tí ó sì fẹ́ kí ó máa dán lè fi wákàtí kan ṣe ohun tí àádọ́jọ ọdún kò lè ṣe: yóò lọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí òǹtẹ̀ yóò fi tán, yóò sì tún lọ ojú rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ owú, irin líle ojú náà kò nípọn ju nǹkan bí ìdajì ínṣì lọ, ohun tí a bá sì lọ kúrò níbẹ̀ kò ṣeé dá padà pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Bí ó bá gbìyànjú láti jó irin mọ́ ojú tí ó ti ya láìmọ irú irin tí ó wà lábẹ́, ooru lè sọ ojú náà di rírọ̀, tàbí kí irin dídà tí ó wà nísàlẹ̀ sán. Ìdámọ̀ owú kì í ṣe ọ̀rọ̀ iye owó nìkan, nítorí pé irú owú tí ó jẹ́ ni ó ń sọ bí a ṣe lè tún un ṣe láìbà á jẹ́.

Bí a ṣe ń mú òǹtẹ̀ tí ó ti rẹ̀ hàn

Búrọ́ọ̀ṣì onírin tí a fi ọwọ́ gbọ̀n ni ó yẹ kí a fi yọ ìdọ̀tí àti ìpáàrà tí kò lẹ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn náà, a lè fi ẹfun, ṣọ́ọ̀kì tàbí ìyẹ̀fun pa ẹ̀gbẹ́ owú náà, kí a sì nù ún pẹ̀lú ọwọ́ rírọ̀. Funfun náà yóò kù sínú àwọn ibi tí ó jìn, lẹ́tà yóò sì jáde. A tún lè tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e kí a fi èédú tàbí pẹ́ńsù pa bébà náà. Ọ̀nà kẹta ni kí a dúró di alẹ́, kí a tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ kan tí iná rẹ̀ yóò fi máa rá lọ lórí irin, kí a sì máa yí ibi tí iná ti ń wá padà. Òjìji ni ó ń fi lẹ́tà hàn ní ọ̀nà yìí, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀. Ó dára kí a ya fọ́tò ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, nítorí lẹ́tà tí kò hàn nínú fọ́tò kan lè hàn nínú èkejì.

Kò pọn dandan kí gbogbo orúkọ jáde. Lẹ́tà mẹ́ta tí ó tẹ̀léra, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe tò wọ́n, ti tó láti mú ìwádìí lọ síwájú: òbìrìkìtì tí a kọ ọ̀rọ̀ sí yíká rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ owú máa ń tọ́ka sí Peter Wright ti Dudley tàbí sí ẹni tí ó fara wé e, àmì tí ó ní igun mẹ́rin tí ó dúró lórí igun kan sì máa ń tọ́ka sí Trenton.

Nọ́mbà ìwọ̀n

Nígbà púpọ̀, orúkọ yóò ti lọ ṣùgbọ́n nọ́mbà yóò kù. Nọ́mbà wọ̀nyí ni ẹ̀rí tí ó rọrùn jù láti kà, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣì kà jù.

Àwọn alágbẹ̀dẹ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi òṣùwọ̀n àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní hundredweight kọ ìwọ̀n owú. Hundredweight kan jẹ́ pọ́n-ùn 112, kì í ṣe 100. Nọ́mbà mẹ́ta ni wọ́n ń lù sí ẹ̀gbẹ́ owú, tí àmì tóótó sábà máa ń wà láàárín wọn. Nọ́mbà àkọ́kọ́ ni iye hundredweight odidi. Èkejì ni iye ìdá mẹ́rin hundredweight, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ pọ́n-ùn 28. Ẹ̀kẹta ni pọ́n-ùn tí ó ṣẹ́kù. Owú tí ó bá ní 1·2·10 lára yóò wọn pọ́n-ùn 112, pẹ̀lú 56, pẹ̀lú 10, èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 178, ìyẹn nǹkan bí kìlógíráàmù 81.

Láti inú ìṣirò yìí ni òfin méjì ti jáde. Nọ́mbà àárín kò lè ju 3 lọ, nítorí pé ìdá mẹ́rin mẹ́rin ti di odidi kan. Nọ́mbà ìkẹyìn kò lè ju 27 lọ, nítorí pé pọ́n-ùn 28 ti di ìdá kan nínú mẹ́rin. Nítorí náà, owú tí a bá rí 150 lára rẹ̀ kò lè jẹ́ èyí tí wọ́n fi òṣùwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì kọ. Pọ́n-ùn 150 gan-an ni, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ iṣẹ́ Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n bí nọ́mbà náà bá jẹ́ 1, 2 àti 5, tí àmì àárín wọn sì ti parẹ́, ọ̀rọ̀ di méjì. Ó lè jẹ́ pọ́n-ùn 125, ó sì lè jẹ́ 112 pẹ̀lú 56 pẹ̀lú 5, ìyẹn pọ́n-ùn 173. Ìwé kankan kò lè parí àríyànjiyàn yìí. Orí òṣùwọ̀n ni a ó gbé owú náà lé: bí ó bá sún mọ́ kìlógíráàmù 57, ti Amẹ́ríkà ni ó jọ, bí ó bá sún mọ́ 78, ti Gẹ̀ẹ́sì ni. Kí a fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún irin tí ó ti jẹ tàbí tí ó ti ṣẹ́, ṣùgbọ́n àlàfo tí ó wà láàárín méjèèjì pọ̀ ju kí ó dàrú mọ́ni lójú.

Àwọn owú Swídìn àti Jámánì máa ń ní ìwọ̀n kìlógíráàmù, àmọ́ Swídìn tún máa ń lu pọ́n-ùn sára àwọn èyí tí ó ń kó lọ sí òkè òkun. Fisher àti Vulcan, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ti Amẹ́ríkà, máa ń fi nọ́mbà kékeré dúró fún pọ́n-ùn mẹ́wàá mẹ́wàá, tó fi jẹ́ pé 15 túmọ̀ sí pọ́n-ùn 150.

Yàtọ̀ sí ìwọ̀n, nọ́mbà ìtẹ̀léra tún wà. Hay-Budden ti Brooklyn àti Columbus Forge & Iron Company, tí ó ń ṣe owú Trenton, máa ń lu nọ́mbà ìtẹ̀léra sí ẹsẹ̀ iwájú, lábẹ́ ìwo. Ẹni tí ó bá rí i lè fi mọ ọdún tí wọ́n rọ owú náà. Richard Postman, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kiri láti wo owú àti láti wọ̀n wọ́n, ni ó to àwọn nọ́mbà wọ̀nyí pọ̀ mọ́ ọdún wọn nínú ìwé rẹ̀ Anvils in America, tí ó jáde ní ọdún 1998. Kí ìwé náà tó jáde, ìmọ̀ yìí wà káàkiri ní ẹnu àwọn alágbẹ̀dẹ àti nínú ìwé ìpolówó ọjà àtijọ́.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é

Irú irin tí ó wà nínú owú máa ń pín àwọn ilé-iṣẹ́ sí ọ̀wọ́. Àkọ́kọ́ ni owú tí wọ́n rọ nínú iná. Àwọn ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kì í rí irin kan ṣoṣo tí ó tóbi tó owú. Wọ́n máa ń rọ ara rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìwo rẹ̀ àti gìgísẹ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn yóò sì so gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú iná pẹ̀lú ìlù òòlù. Irin líle ni wọ́n máa ń tẹ́ sójú rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Owú tí ó tóbi tó báyìí kò ṣeé fi ẹ̀mú mú. Wọ́n máa ń lu ihò onígun mẹ́rin sí ìbàdí rẹ̀ àti sí abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n lè ki ọ̀pá irin bọ̀ ọ́ láti fi gbé e wọ inú iná àti láti fi gbé e jáde. Ihò wọ̀nyí ṣì wà lára owú títí di òní. Ẹni tí kò mọ̀ máa ń rò pé ìjàǹbá ni wọ́n, àwọn kan a sì fi irin dí wọn; bẹ́ẹ̀ ẹ̀rí pàtàkì ni wọ́n pé wọ́n rọ owú náà ni, wọn kò yọ́ ọ dà.

Mousehole Forge, tí ó wà ní etí odò Rivelin ní Sheffield, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ó lókìkí jù nínú irú iṣẹ́ yìí. Àwòrán eku wà lára díẹ̀ nínú owú wọn. Ní Dudley, Peter Wright gba ìwé-àṣẹ ìjọba lórí ọ̀nà tirẹ̀, ó sì ń lu ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí pé gbogbo ara owú náà jẹ́ irin rírọ sára wọn. Àmì kan wà tí ó fi ń dá owú rẹ̀ mọ̀ kódà bí gbogbo lẹ́tà bá ti lọ: lórí ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, etí kékeré pẹrẹsẹ kan wà bí ìdí fèrèsé. Àwọn tí ó fara wé e wà, nítorí náà etí yìí kì í dá nìkan ṣe ẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n bí kò bá sí, ó ṣòro láti pe owú náà ní Peter Wright.

Ọ̀wọ́ kejì ni owú tí ara rẹ̀ jẹ́ irin dídà, tí ojú rẹ̀ sì jẹ́ irin líle. Mark Fisher gba ìwé-àṣẹ ìdásílẹ̀ lórí ọ̀nà yìí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1847: wọ́n máa ń gbé irin líle náà sínú àpótí ìdàrin, wọn yóò sì da irin yíyọ́ lé e kí àwọn méjèèjì lè lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ilé-iṣẹ́ Fisher & Norris ní Trenton, ìpínlẹ̀ New Jersey, ni ó ń ṣe é. Àwòrán ẹyẹ idì tí ó yọ síta ni wọ́n ń fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kì í ṣe òǹtẹ̀ tí ó jìn wọlé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní etí ní ẹsẹ̀ tí a lè fi bóòtù dè mọ́ igi. Vulcan, iṣẹ́ Illinois Iron and Bolt Company ní Carpentersville, jẹ́ irú kan náà, àwòrán apá tí ó mú òòlù sì ni tirẹ̀. Nítorí pé àwòrán wọ̀nyí yọ síta, ìpáàrà àti ìjẹkújẹ a máa tètè mú wọn pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n òjìji wọn kì í tán pátápátá.

Ọ̀wọ́ kẹta ni èyí tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ irin líle tí a yọ́ dà. Àwọn ará Swídìn ni ó lókìkí jù nínú rẹ̀, pàápàá Kohlswa àti Söderfors. Kò sí ojú ìsopọ̀ kankan lára wọn.

Etí lásán lè ya àwọn ọ̀wọ́ yìí sọ́tọ̀. Bí a bá fi òòlù kékeré kan owú irin líle Swídìn, yóò dún bí agogo, ohùn rẹ̀ yóò sì pẹ́. Owú rírọ ń dún, ṣùgbọ́n kò ró tó bẹ́ẹ̀. Fisher kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dún rárá. Ohùn rẹ̀ kú bí ẹni ń lu igi, wọ́n tilẹ̀ fi èyí polówó rẹ̀ fún àwọn tí ariwo ń dà láàmú. Olùrajà tí ó rò pé owú tí kò dún kò dára ti fi ọ̀pọ̀ Fisher tí ó dára sílẹ̀ lórí igbá. Ohun tí a fi ń mọ dídára ojú owú ni bọ́ọ̀lù irin kékeré inú bíárín: a ó sọ ọ́ kalẹ̀ láti òkè, a ó sì wo ibi tí yóò ta padà dé. Lórí ojú tí ó dára, yóò padà sókè ju ìdá méje nínú mẹ́wàá ibi tí ó ti bọ́. Lórí owú tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ irin dídà lásán, tí kò ní irin líle lójú, yóò kú sílẹ̀. Irú èyí sábà máa ń ní ìlà ìdàrin tí ó gba àárín ìwo rẹ̀ kọjá, àwọn alágbẹ̀dẹ kì í sì í pè é ní owú bí kò ṣe ohun tí ó ya àwòrán owú.

Abẹ́ owú

Abẹ́ owú ni ibi tí a kì í fi ẹ̀rọ ìlọrin kàn, tí òòlù kì í dé, tí ó sì jókòó lórí igi láti ọdún dé ọdún. Fún owú Amẹ́ríkà tí wọ́n rọ, kò sí ibòmíràn tí ó ń sọ̀rọ̀ tó o. Bí wọ́n ṣe ń tẹ irin sínú àpótí ìrọrin ní ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń fi ipa tirẹ̀ sílẹ̀. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ Hay-Budden ni kòtò kan wà tí ó fẹ̀ ní ìpẹ̀kun méjèèjì tí ó sì há láàárín, gẹ́gẹ́ bí ìlù gángan. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ Trenton, kòtò náà gùn, orí rẹ̀ méjèèjì sì ṣe róbótó bí kápúsù oògùn. Arm & Hammer, tí Columbus Anvil & Forging Company ṣe, máa ń ní abẹ́ pẹrẹsẹ tí kò ní kòtò bẹ́ẹ̀, àmọ́ abẹ́ gìgísẹ̀ rẹ̀ máa ń rí págunpàgun, tí ipa òòlù ńlá sì hàn níbẹ̀ kedere nítorí pé wọn kò dán an.

Kòtò nìkan kò tó láti fi dájọ́, nítorí pé ilé-iṣẹ́ kan náà lè yí àpótí ìrọrin rẹ̀ padà láàárín ogún ọdún. Àpẹẹrẹ bí àwọn ẹ̀rí ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́ nìyí: owú kan kò ní orúkọ kankan, kòtò abẹ́ rẹ̀ rí bí gángan, nọ́mbà kan wà ní ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ ti pọ́n-ùn gbọọrọ, kì í ṣe ti hundredweight. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ tọ́ka sí Hay-Budden. Bí a bá tún rí ojú ìsopọ̀ ní ìbàdí rẹ̀, tí gbogbo apá òkè, títí kan ìwo, sì jẹ́ irin líle kan ṣoṣo, a jẹ́ pé ó wà lára àwọn èyí tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe ní ìgbà ìkẹyìn rẹ̀, nítorí pé irin líle pẹlẹbẹ ni wọ́n ń tẹ́ sójú èyí tí ó ṣáájú wọn.

Ìrísí àti ọjọ́ orí

Nígbà tí a kò bá rí ilé-iṣẹ́, a ṣì lè rí sáà. Ihò róbótó ẹ̀gbẹ́ gìgísẹ̀ kò wọ́pọ̀ lára owú Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú nǹkan bí àwọn ọdún 1830; èyí tí kò bá ní i, tí ó rí dùgbẹ̀dùgbẹ̀, tí ìwo rẹ̀ kúrú, tí ìbàdí rẹ̀ sì nípọn, ṣeé ṣe kí ó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a wò ó bóyá ẹnìkan kò fi ẹ̀rọ lu ihò náà lẹ́yìn ọdún púpọ̀. William Foster wà lára àwọn díẹ̀ tí ó máa ń lu ọdún gan-an sára owú wọn. Ọ̀rọ̀ náà ENGLAND lára owú sábà máa ń fi hàn pé wọ́n ṣe é lẹ́yìn òfin owó-orí ọjà ilẹ̀ òkèèrè tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1890, èyí tí ó pàṣẹ pé kí orúkọ orílẹ̀-èdè wà lára ọjà tí ó bá wọlé. Àìsí ọ̀rọ̀ náà kò sọ nǹkan kan, nítorí kì í ṣe gbogbo owú ni wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà.

Ní Yúróòpù àárín gbùngbùn, owú oníwo méjì ni ó wọ́pọ̀, ọ̀kan róbótó, èkejì onígun. Àwọn kan láti Austríà àti gúúsù Jámánì ní àwòrán tí wọ́n gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí wọn bí fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́. A kì í rí èyí lára owú Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ó ń gba olùwádìí lọ́wọ́ wàhálà púpọ̀.

Orúkọ tí kì í ṣe ti ẹni tí ó rọ ọ́

Orúkọ tí ó hàn kedere pàápàá lè ṣini lọ́nà. Owú Trenton kò wá láti ìlú Trenton. Columbus ní ìpínlẹ̀ Ohio ni wọ́n ti ń rọ ọ́, nígbà tí Fisher, tí ó wá láti Trenton ní tòótọ́, kò jẹ́ orúkọ náà. Acme jẹ́ orúkọ tí ilé-ìtajà Sears, Roebuck fi ń ta owú tí àwọn ẹlòmíràn rọ fún un, kì í sì í ṣe ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó rọ gbogbo rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni a ó tún wò. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tí a rí lójú tàbí ní ẹ̀gbẹ́ owú, tí òǹtẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba, sábà máa ń jẹ́ ti olówó rẹ̀ tàbí ti ọ̀gá iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin tí ó rà á, kì í ṣe ti ẹni tí ó ṣe é.

Ó yẹ kí a tún rántí pé Peter Wright tàbí Fisher fúnra rẹ̀ kọ́ ni ó di òòlù mú lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún owú tí ó jẹ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń gbé irin gbígbóná tí ó wúwo ju ènìyàn lọ láti inú iná bọ́ sábẹ́ òòlù kò kọ orúkọ wọn sí ibì kankan. Ìdámọ̀ irú èyí tí àpilẹ̀kọ yìí ń sọ kì í sábà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ilé-iṣẹ́ ni ó ń dé.

Bí ẹ̀rí kò bá tó, ohun tí ó tọ́ nínú ìwé àkọsílẹ̀ ni kí a kọ ohun tí a rí: irú owú, ìwọ̀n rẹ̀, ipò gbogbo ihò, ìrísí abẹ́ rẹ̀, àti orílẹ̀-èdè àti sáà tí ó jọ mọ́. «Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹni tí ó rọ ọ́ kò hàn» wúlò fún olùwádìí tí ń bọ̀ ju Mousehole tí a kọ nítorí pé orúkọ náà lókìkí. Àwọn oníṣòwò a máa fẹ́ràn èyí èkejì, nítorí owó.

Owú tí kò ní òǹtẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá

Gbogbo ọ̀nà tí a ti sọ wọ̀nyí gbà pé ilé-iṣẹ́ kan wà tí ó ṣe owú púpọ̀ ní irú kan náà. Ní àgbẹ̀dẹ ìbílẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Òkúta líle ni wọ́n ń lò fún iṣẹ́ kan, òmíràn a sì jẹ́ odidi irin tí alágbẹ̀dẹ fúnra rẹ̀ rọ, tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀ tàbí mọ́ ìtì igi. Kò sí ìwo, kò sí nọ́mbà, kò sí kòtò àpótí ìrọrin lábẹ́ rẹ̀. Ìdílé tí ó ni àgbẹ̀dẹ ni ó mọ ẹni tí ó rọ ọ́, láti ẹnu bàbá sí ẹnu ọmọ.

Èyí tí ó lókìkí jù nínú irú irin bẹ́ẹ̀ wà ní ojúbọ Ògún Ládìn ní ààfin Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀: irin rírọ ńlá kan tí ó rí bí ẹ̀kán omi, orí rẹ̀ tín-ín-rín, ìdí rẹ̀ sì fẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé owú Ládìn, alágbẹ̀dẹ Odùduwà, ni. Àwọn awalẹ̀pìtàn tí ó kọ nípa Ifẹ̀, Frank Willett lára wọn, ti mẹ́nu bà á nínú ìwé wọn. Kò ní òǹtẹ̀ kankan, síbẹ̀ orúkọ ẹni tí wọ́n ní ó ni ín kò sọnù, nítorí pé ibi tí ó wà àti àwọn tí ń bọ ọ́ ni ó ń gbé orúkọ náà ró. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ ra owú àgbẹ̀dẹ ìbílẹ̀, tàbí tí ó fẹ́ gbé e lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kọ́kọ́ jókòó ti àwọn àgbà ilé náà, kí ó kọ orúkọ tí wọ́n bá dá, oríkì ìdílé náà, àti ibi tí owú náà ti jókòó sílẹ̀, kí wọ́n tó hú u kúrò nínú ilẹ̀.